Àwọn Ọkàn Tí Mo Fi Ojú Mi Rí ní Ore

Bí mo bá sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé iṣẹ́ sikáànì ni mo fi ayé mi ṣe, aboyún ni ọkàn wọn máa ń lọ sí. Wọ́n á ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin." Òótọ́ ni, mo ṣe ìyẹn náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gun ọ̀kadà kiri Ore lónìí, mo ti rí wọn kí ìyá tó bí wọn tó rí wọn. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ iṣẹ́ mi, ọkàn ni mo ń wò: ọkàn ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, tí èémí rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀, tí àwọn ẹbí rẹ̀ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń wo ẹnu wa.

Mọrẹ́nikẹ́ ni orúkọ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Màmá Sikáànì ni gbogbo Ore ń pè mí. Mo ti fẹ̀yìn tì. Ilé bàbá mi ní Odígbó ni mò ń gbé báyìí, mo sì máa ń gbọ́ bí àwọn ọmọ àdúgbò ṣe ń jiyàn lórí iṣẹ́ tí wọ́n máa kọ́. Nítorí tiwọn ni mo ṣe jókòó láti sọ tèmi.

Bí mo ṣe débi iṣẹ́ náà kò gba àlàyé púpọ̀. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi. Nígbà tí mo jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, mo lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀kísíréè, lẹ́yìn náà wọ́n gbà mí sí ilé ìwòsàn kan ní Ore, kò jìnnà sí títì ńlá tó ti Èkó lọ sí Benin. Ẹni tó bá mọ Ore mọ̀ pé títì yẹn ni ìlú náà fi ń jẹun. Ibẹ̀ ni àwọn bọ́ọ̀sì ti ń dúró kí èrò sọ̀ kalẹ̀ jẹun kí wọ́n tó máa lọ. Títì yẹn kan náà ló máa ń gbé èèyàn wá fún wa, tí ẹ̀jẹ̀ á bo wọn.

Ọ̀gá àgbà wa nígbà náà ni Dókítà Bánkọ́lé, ọkùnrin gíga kan tó máa ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń pè níbòmíràn. Ní ọjọ́ kan ó wọ yàrá ẹ̀kísíréè, ó jókòó sórí àpótí, ó ní:

"Mọrẹ́nikẹ́, mo fẹ́ kí o lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo ọkàn."

Mo ní, "Ọkàn, sà? Ṣé ẹ̀kísíréè kò tó ni?"

Ó ní, "Kò tó. Wò ó, ẹnì kan á wọlé, á máa mí gule-gule, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní lè fi agbára ṣàn mọ́. Ṣé kí n fa omi sí i lára ni, àbí omi gan-an ló ń pa á lọ? Ọkàn rẹ̀ mọ̀. Èmi ni mi ò rí ọkàn rẹ̀. Bí ẹni tó ń táràrà nínú òkùnkùn ni mo rí."

Bí mo ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ Bàbá Fálayé nìyẹn. Ilé ìwòsàn ńlá kan ní ìpínlẹ̀ mìíràn ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó tín-ín-rín, irun rẹ̀ ti funfun, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé òun ti rí eyín rẹ̀ rí. Kò gbà kí n fọwọ́ kan aláìsàn kankan fún ìgbà pípẹ́. Ó ní mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń di ẹ̀rọ mú. Ohun kan wà lára ẹ̀rọ náà tí a ń fi sára èèyàn, okùn ló so ó mọ́ ara ẹ̀rọ. A máa ń pè é ní ọwọ́ ẹ̀rọ. Ó ní kí n gbé e lé orí tábìlì, kí n máa yí i díẹ̀díẹ̀, kí n máa dà á dé díẹ̀díẹ̀, títí ọrùn ọwọ́ mi fi ń ta mí. Bí mo bá yára, á gbà á lọ́wọ́ mi, á gbé e kọ́, á sì jáde.

Nígbà tó yá, ó ní kí n wo ọkàn ara mi. Nọ́ọ̀sì obìnrin kan bá mi wọlé, mo fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, ó fi ọṣẹ tútù tó ń yọ̀, tí a máa ń fi sára kí ọwọ́ ẹ̀rọ lè ríran, sí mi láyà, mo sì gbé ọwọ́ ẹ̀rọ síbẹ̀ fúnra mi. Bàbá Fálayé dúró sí ẹ̀yìn aṣọ tí a fi gé yàrá náà, ojú ẹ̀rọ nìkan ló ń wò.

Ní àkọ́kọ́, òjò funfun àti dúdú ni mo rí. Mo yí ọwọ́ díẹ̀. Lójijì, ó wà níbẹ̀.

Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó yé yín. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi ni nǹkan yẹn ti ń ṣiṣẹ́ nínú àyà mi, mi ò ṣe é lóore rí, mi ò tilẹ̀ rántí rẹ̀. Mo ń sùn, ó ń ṣiṣẹ́. Mo ń bá èèyàn jà, ó ń ṣiṣẹ́. Yàrá mẹ́rin ló ní, àwọn ògiri rẹ̀ ń sún mọ́ra, wọ́n ń sún kúrò. Láàárín wọn ni àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké wà, wọ́n fúyẹ́ bí ìwé, wọ́n ń ṣí, wọ́n ń pa dé, bí ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ tí kò fẹ́ kó dún. Omi bọ́ lójú mi, ó ń ṣàn lọ sí etí mi.

Mo ní, "Bàbá, ó mà rẹwà o."

Láti ẹ̀yìn aṣọ, ó ní, "Mi ò bi ọ́ bóyá ó rẹwà. Kí lo rí?"

"Ọkàn mi, sà."

"Apá wo nínú rẹ̀?"

Mo ń yí ọwọ́ ẹ̀rọ kiri.

Ó ní, "Nígbà tí o bá mọ apá tí ò ń wò, pè mí." Mo gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ bó ṣe ń lọ.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ́ mi. Bí mo bá ní, "Mo rò pé," ó ti pa ojú ẹ̀rọ náà nìyẹn. Ó ní kí n sọ ohun tí mo rí, kí n fi ohun tí mo rò sílẹ̀ fún dókítà tó máa pa á pọ̀ mọ́ ohun tí òun náà mọ̀. Nígbà tó yá, ó mú mi wọ yàrá àwọn tí àìsàn wọn ti le jù, níbi tí ẹ̀rọ ti ń bá èèyàn mí. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ pé kò sí ọkàn méjì tó jọra. Mo rí èyí tó ti wú bí ṣágo, mo rí èyí tí ògiri rẹ̀ nípọn nítorí pé ó ti ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru jìjàkadì láti ọjọ́ pípẹ́, mo rí èyí tí apá kan rẹ̀ ti kú tí àwọn apá yòókù sì ń fà á lọ.

Ní ọjọ́ tí mo fẹ́ padà sí Ore, mo kúnlẹ̀ kí i pé ó dàbọ̀. Kò gbàdúrà gígùn kankan fún mi. Ó ní, "Ọjọ́ kan á wà tí wọ́n á bi ọ́ bóyá ọkàn ẹnì kan ṣì ń mì. Gbogbo yàrá á dákẹ́ dè ọ́. Má jẹ́ kí àánú bá ọ fèsì, má sì jẹ́ kí ìbẹ̀rù bá ọ fèsì. Wò ó dáadáa, kí o sọ ohun tí o rí."

Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí a ní ní Ore tóbi bí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní táyà lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn táyà náà kórìíra ilẹ̀ wa, nítorí náà gbígbé ni wọ́n máa ń gbé e. Ó máa ń pẹ́ kó tó tàn. Bí iná bá lọ, a máa dúró kí jẹnẹrétọ̀ dìde, ká tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, mo fẹ́ràn rẹ̀.

Obìnrin kan wà tí wọ́n gbé wá láti Agbábù, ìgbẹ́ gbuuru ti gbẹ ẹ́ tán. Ojú rẹ̀ ti wọlé, kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀. Wọ́n ní ó ti ní àìsàn ọkàn tẹ́lẹ̀, nítorí náà ẹ̀rù ń ba àwọn dókítà láti fa omi púpọ̀ sí i lára. Dókítà Bánkọ́lé pè mí. Mo gbé ọwọ́ ẹ̀rọ sí abẹ́ egungun àyà rẹ̀, mo rí ọkàn kékeré kan tó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, inú rẹ̀ gbẹ, ògiri ń kan ògiri.

Mo ní, "Sà, ó ṣófo. Ó ń fún dáadáa, ṣùgbọ́n kò rí nǹkan fún."

Ó ní, "Ẹ ṣí omi yẹn kó máa ṣàn."

Mi ò gbé ọwọ́ kúrò. Mo ń wò ó bí omi ṣe ń wọlé, tí ọkàn náà ń gbòòrò, tí eré rẹ̀ ń dínkù, bí ìgbà tí èèyàn tó ti ń sáré bá rí ibi jókòó sí. Nígbà tó ṣe, obìnrin náà la ojú, ó wò mí, ó fi èdè Ìkálẹ̀ wa bèèrè ẹni tí mo jẹ́. Kò sẹ́ni tó rí ohun tí mo rí yẹn tí kò ní fẹ́ padà síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ní ojú mìíràn, mi ò sì ní fi pamọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ ọ.

Ọjọ́ ọjà ni. Oòrùn ń ràn. Bọ́ọ̀sì kan tó kún fún èrò fẹ́ yà wọ Ore, ọkọ̀ agbégẹdú kan sì já lù ú. A gbọ́ ìró rẹ̀ láti ilé ìwòsàn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn dé, nínú ọkọ̀ akérò, lórí ọ̀kadà, ẹlòmíràn lórí èjìká ẹni tí kò mọ̀ rí. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì náà, Sùlè, ẹni tí gbogbo gáréèjì mọ̀ sí ọkùnrin jẹ́jẹ́, fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé. Ó jókòó sí bẹ́ńṣì, ó fi ọwọ́ di àyà mú níbi tí ìdarí ọkọ̀ ti gbá a.

Ó ń sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì pé, "Kò sí ohun tó ṣe mí. Ẹ lọ wo àwọn èrò ọkọ̀ mi."

Wọ́n gbé ọ̀dọ́bìnrin kan sórí bẹ́ẹ̀dì níwájú mi. Tísà ni, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà Bánkọ́lé ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àyà rẹ̀, òógùn ń kán láti iwájú orí rẹ̀. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ẹlòmíràn gbà á. Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, wọ́n tún tẹ̀. Ó pẹ́ gan-an. Níkẹyìn dókítà ní, "Ẹ dúró. Mọrẹ́nikẹ́, wò ó fún mi."

Mo gbé ọwọ́ ẹ̀rọ síbẹ̀. Gbogbo wọn dákẹ́. Bàbá kan tó ń kérora nítòsí wa náà dákẹ́.

Yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbẹ̀. Àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké náà wà níbẹ̀, wọ́n ṣí sílẹ̀ díẹ̀, wọn ò lọ, wọn ò bọ̀. Ilé tí wọ́n ti kó kúrò nínú rẹ̀ ni. Mo yí ọwọ́ sí ọ̀nà mìíràn, mo dúró, mo tún wò ó. Ohun gbogbo nínú mi ń fẹ́ kí n sọ pé ó ń mì díẹ̀.

Mo ní, "Kò mì, sà. Kò mì rárá."

Dókítà Bánkọ́lé wo aago ara ògiri. Ó tún aṣọ tísà náà ṣe bo àyà rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí i. Mo fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kan ti ń pè wá láti ibi bẹ́ńṣì. Sùlè ti ṣubú.

Kò sí ọgbẹ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Iṣan ọrùn rẹ̀ ti wú, ọwọ́ rẹ̀ tutù, a kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ lílù ọkàn rẹ̀ mọ́. Wọ́n ti ẹ̀rọ náà, wọ́n gbé e kọjá ẹsẹ̀ àwọn èèyàn, mo sì wò ó. Àpò kan wà tó yí ọkàn ká, ẹ̀yin tí ẹ ti pa ẹran rí á mọ̀ ọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ti kún inú àpò náà. Nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn ni ọkàn Sùlè ti ń jà, ohun tó yí i ká ń fún un mọ́lẹ̀, bó bá fẹ́ ṣí, kò ráyè.

Mo ní, "Ẹ̀jẹ̀ ló yí i ká, sà. Ó pọ̀. Kò jẹ́ kó ṣí."

Dókítà ní, "Fi hàn mí ibi tó jìn jù." Mo fi hàn án. Ó mú abẹ́rẹ́ gígùn, ó gún un wọlé lábẹ́ egungun àyà, ojú rẹ̀ kò kúrò lójú ẹ̀rọ. Mo rí orí abẹ́rẹ́ náà bó ṣe ń bọ̀, bíńtín, tó ń dán. Ẹ̀jẹ̀ dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú sírìnjì. Kò tíì fà á tó nǹkan tí ọkàn náà fi ṣí. Ó ṣí báyìí, gbòòrò, bí ẹni tí wọ́n tú okùn lọ́rùn rẹ̀. Sùlè mí kanlẹ̀.

Ojú ẹ̀rọ kan náà ni. Ọwọ́ mi kan náà ni. Láàárín ìgbà tí mo rí ọkàn tó dúró àti ìgbà tí mo rí ọkàn tó tún bẹ̀rẹ̀, ọṣẹ tútù tó wà lọ́wọ́ mi kò tíì gbẹ. Láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti lè fi ẹnu yẹpẹrẹ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀mí èèyàn.

Wọ́n gbé Sùlè lọ sí ilé ìwòsàn tó jù tiwa lọ, wọ́n sì rán ibi tó ya lára ọkàn rẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó wá kí wa. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

Ó ní, "Wọ́n ní ẹ rí ọkàn mi."

Mo ní, "Mo rí i."

Ó ní, "Kí ló wà níbẹ̀?"

Mo sọ ti ẹ̀jẹ̀ fún un. Ó mi orí. Ó ní, "Mo rò pé ẹ máa rí àwọn èrò ọkọ̀ mi níbẹ̀ ni. Torí wọn ò kúrò níbẹ̀." Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí tó fi ṣe tán láti lọ.

Àwọn ẹ̀rọ ń yí padà bí ọdún ṣe ń lọ. Èyí tó tóbi bí kọ́bọ́ọ̀dù lọ, èyí tó dà bí báàgì ìfàlọ́wọ́ wá, tí mo lè gbé lọ síbi bẹ́ẹ̀dì fúnra mi. Lẹ́yìn náà ni dókítà ọ̀dọ́ kan dé, Dókítà Tèmítọ́pẹ́, ó mú nǹkan kan jáde nínú àpò rẹ̀ tí kò ju ìwọ̀n abẹ́ tí wọ́n fi ń fá irùngbọ̀n. Ó tì í bọ ìdí fóònù rẹ̀, ó sì gbé e sí àyà ara rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ yọ lójú fóònù. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo yí i síwá sẹ́yìn, mò ń wá ibi tí wọ́n fi ẹ̀rọ yòókù pamọ́ sí.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, gbogbo rẹ̀ nìyẹn."

Nǹkan kékeré yẹn ni èmi àti Dókítà Tèmítọ́pẹ́ gbé lọ sí Ajue ní ọdún tó kẹ́yìn iṣẹ́ mi. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ló ránṣẹ́ sí wa. Obìnrin kan tó bímọ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn kò lè dùbúlẹ̀ mọ́. Ọkọ rẹ̀, Oche, ará Ìdọ̀mà ni, ó ń dá oko kòkó fún onílẹ̀ kan níbẹ̀. Ene ni orúkọ obìnrin náà. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, ọkọ̀ wa dúró lọ́nà, a sì gun ọ̀kadà dé ibi tó kù.

A bá Ene níjòókòó, ó fẹ̀yìn ti àpò kòkó, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó ń mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè. Ọmọ náà wà lọ́wọ́ Oche. Àwọn aládùúgbò ní àárẹ̀ ìbímọ ni. Mo gbé ọwọ́ ẹ̀rọ sí i láyà nínú yàrá yẹn, ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé nìkan la ní.

Ọkàn rẹ̀ ti fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Kò fún mọ́, ó kàn ń gbọ̀n. Àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí. Mo sọ ohun tí mo rí, Dókítà Tèmítọ́pẹ́ sì ní òun mọ àìsàn náà, pé ó máa ń mú àwọn ìyá kan lẹ́yìn ìbímọ. Ó fún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò fa omi kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Oche tẹ̀ lé mi jáde. Ó ní, "Màmá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ó máa yè?"

Mo ní, "Mo ti rí irú ọkàn yẹn tó bọ̀ sípò. Mo sì ti rí èyí tí kò bọ̀ sípò. A máa gbé e lọ sí Ore. Ohun tí mo lè sọ nìyẹn."

Ó wo ọmọ ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ nígbà náà."

A gbé e dé Ore. Ó wà lọ́dọ̀ wa fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ó ń lo oògùn láti ilé, ó sì ń wá fún àyẹ̀wò. Mò ń wo ọkàn rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá wá. Ní àkọ́kọ́, kò sí ìyàtọ̀. Lẹ́yìn náà ó dà bíi pé ìyàtọ̀ wà, ṣùgbọ́n mo rántí pé "ó dà bíi" kì í ṣe ohun tí èèyàn rí, mi ò sì sọ ọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, mi ò ní sọ fún yín pé iṣẹ́ yìí rọrùn. Ẹ̀yìn á máa dùn yín, ojú á máa ro yín, ẹ ó sì gbé àwọn kan délé nínú ọkàn yín tí ẹ kò mọ orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ẹ ń wá ni iṣẹ́ tí kò ní sú ojú yín, mo mọ ọ̀kan. Títí di ìgbà tó kù díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì, mo ṣì máa ń mí kanlẹ̀ bí ọkàn bá yọ lójú ẹ̀rọ, gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ àkọ́kọ́.

Nínú oṣù tí mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, Ene wá fún àyẹ̀wò. Òun fúnra rẹ̀ ló gun àtẹ̀gùn, ó pọn ọmọ, Oche wà lẹ́yìn. Ó dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ, mi ò rí i kó dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Mo gbé ọwọ́ ẹ̀rọ síbẹ̀. Ọkàn náà ti sún mọ́ra, ó ti kéré bó ṣe yẹ, ó ń fún, ó ń ṣí, àwọn ilẹ̀kùn ń gbá dé dáadáa. Mo wò ó láti gbogbo ọ̀nà tí mo mọ̀, mo sì pe Dókítà Tèmítọ́pẹ́ kó wá wò ó. Nígbà tó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, mo yí ojú ẹ̀rọ sí ọ̀dọ̀ Ene.

Ó ní, "Èmi nìyẹn?"

Mo ní, "Ìwọ ni."

Oche tẹ̀ síwájú. Ó wò ó títí. Ó ní, "Màmá, ṣé kì í sinmi ni?"

Mo ní, "Kì í sinmi."

"Nígbà tí ara rẹ̀ kò yá ńkọ́, nígbà tó ń gbọ̀n yẹn?"

"Kò sinmi nígbà náà pẹ̀lú."

Mo yí ojú sẹ́yìn, mo ń wá aṣọ tí mo máa fi nu ọṣẹ kúrò lára rẹ̀, mo sì gbọ́ tí Ene ní, "O kú iṣẹ́."

Ó yà mí lẹ́nu díẹ̀. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni, láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò bá mi sọ̀rọ̀ láìsọ "ẹ" rí. Mo yíjú padà kí n dá a lóhùn. Kò wò mí. Ó ti gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àyà rẹ̀, ojú rẹ̀ wà lójú ẹ̀rọ, ó sì tún un sọ, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "O kú iṣẹ́."